Èmi Ni Mo Yí Lébẹ́ẹ̀lì Ẹ̀yìn Pánẹ́ẹ̀lì Náà Padà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Orúkọ àwọn tí mo máa dá níbí náà, mo ti yí i padà, nítorí pé Ìta Fàájì ò tóbi, ẹnu wa níbẹ̀ sì gùn ju òpópó ilé wa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún kan àti oṣù méje. Mo ti pinnu pé màá gbé e dé sàréè. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan máa dúró níwájú gbogbo agbo ilé wa, á sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Èmi ni mo dá a.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi dá ara mi láre. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ máa rò pé ìkà ni wọ́n fi bí mi.

Opó ni mí. Ọkọ mi ló ń ta nǹkan iná nígbà ayé ẹ̀: wáyà, gílóòbù, súìsì. Nígbà tó kú, mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì fi pánẹ́ẹ̀lì sólà kún ọjà. Àwọn ọkùnrin tó bá wọlé ṣì máa ń bi mí pé, "Màdáàmù, ọ̀gá dà?" Èmi ni ọ̀gá. Mo lè wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan kí n sọ ohun tó lè gbé àti ohun tó lè bà jẹ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Alhaja Ṣíkírá. A jọ lọ sí ilé kéwú ni, orí ẹní kan náà la ti jọ kọ́ bí a ṣe ń ka alífà. Nígbà tó yá, inú agbo ilé kan náà la tún fẹ́ ọkọ sí. Ẹja àti edé ló ń tà ní ọjà Sandgrouse, ó sì lówó lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí kò mọ̀.

Ó mọ ti Kúdí, ọmọ mi. Nígbà tí Kúdí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, wárápá ń gbé e. Ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi í sílẹ̀, kò sì padà wá mọ́ títí dòní. Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ̀: bàbá ẹ̀, èmi, àti Alhaja. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé orí itan Alhaja ni orí ọmọ náà máa ń wà títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi dùn mí wọ eegun.

Kúdí dàgbà, ó kàwé, ó rí ọkọ. Ilé ọkọ náà dára. A ti mú ọjọ́ nìkáà, a ti ra nǹkan, àwọn ìwé ìpè ti jáde. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n rán àgbàlagbà méjì sí wa pé kí a má bínú, wọn ò ṣe mọ́.

Èmi fúnra mi lọ bá ìyá ọkọ. Obìnrin náà ò pa irọ́ fún mi. Ó ní òun lọ ra edé ní Sandgrouse, ni Alhaja Ṣíkírá bá gbá òun mú lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ọmọ wa yẹn dáadáa o. Ẹ má jẹ́ kó máa dá dáná. Ẹ mọ̀ pé àìsàn yẹn, kò ṣeé fọkàn tán."

Mo lọ bá Alhaja nílé. Mi ò pariwo. Mo bi í pé kí ló dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èsì tó fún mi. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Kúdí, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

Mo yíjú, mo jáde nílé ẹ̀. Títí dòní, tí mo bá ń fọ abọ́, tí mo bá ń ṣírò ọjà, mo máa ń gbọ́ ọ. Ṣé irọ́ ni mo pa ni?

Kúdí kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú. Kì í wá sílé mọ́, kódà nígbà Iléyá. Ó ní gbogbo ojú tó bá ti wo òun ní Ìta Fàájì, ńṣe ló ń dúró de ìgbà tí òun máa ṣubú.

Àwọn àgbà ilé pè wá. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni wá, wọ́n ní àánú ló mú Alhaja sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú sùúrù. Mo ní mo ti gbọ́. A dì mọ́ra níwájú wọn, wọ́n sì ṣe àdúà. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Fún ọdún méjì mo ń bá obìnrin yìí rẹ́rìn-ín, mo ń jẹ nínú sààrà rẹ̀, mo sì ń dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀ tó wà lókè òkun fi páwà-sítéṣọ̀n kan ránṣẹ́ sí i. Tí ẹ ò bá tíì rí i rí, àpótí kan ni, ó tó kúlà tí wọ́n ń kó omi tútù sí. Bátìrì wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá gba iná sí i, á gbé fíríìsà, á gbé fáànù, kò sí ariwo, kò sí èéfín. Pánẹ́ẹ̀lì sólà lèèyàn fi ń bọ́ ọ lọ́sàn-án.

Alhaja gbé e yí àgbàlá po kí gbogbo ilé lè rí i. Nígbàkígbà tí àwọn oníná bá mú iná lọ, á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, apá yín á le o." Gbogbo èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún Ráfíù pé kó bá òun ra pánẹ́ẹ̀lì kó sì so ó. Ráfíù ni oníṣẹ́ iná inú agbo ilé wa. Ọmọ ilé ni, ó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń fara balẹ̀ ni. Ó gbé àpótí náà lọ sí yàrá ẹ̀ fún ọjọ́ kan kó lè ka ìwé tó bá a wá kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ rántí ọjọ́ kan yẹn, nítorí pé òun ni wọ́n fi mú un nígbẹ̀yìn.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Ó ní, "Ìyá Kúdí, ibi tí wọ́n ti ń gba sólà lára ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọgọ́ta fóòtì lọ. Àǹpù mẹ́wàá ló sì ń gbà. Tó bá ju ọgọ́ta yẹn lọ, ó parí."

Òótọ́ ló sọ. Kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Fóòtì ni agbára tí iná fi ń ti ara ẹ̀ wọlé, àǹpù ni ìwọ̀n èyí tó ń wọlé. Tí àǹpù bá pọ̀ jù, àpótí á kàn mu ìwọ̀n tó lè mu, á fi ìyókù sílẹ̀. Fóòtì ni kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá so pánẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ ní ìdí sí orí, fóòtì wọn á para pọ̀. Tí ẹ bá so orí mọ́ orí, ìdí mọ́ ìdí, àǹpù ló máa para pọ̀.

Oríṣi méjì ni mo ní nílẹ̀ nígbà yẹn. Gígùn kan náà ni wọ́n, wọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n, dúdú kan náà ni ojú wọn. Ọ̀kan, fóòtì ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Èkejì, fóòtì ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, nítorí pé bátìrì ńlá àwọn tó ń lo ínífátà ni wọ́n ṣe é fún. Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn wọn nìkan ló ń sọ èwo ni èwo.

Mo ní kí Ráfíù padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní mò ń retí ọjà.

Mi ò retí ọjà kankan. Ọ̀sán gangan ni. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, mo gbé méjì jáde nínú èyí tí fóòtì wọn pọ̀. Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun mi fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn wọn títí gọ́ọ̀mù ẹ̀ fi rọ̀, mo ṣí i kúrò. Pánẹ́ẹ̀lì méjì kan wà nílẹ̀ lára oríṣi kékeré tí gíláàsì wọn ti fọ́ lójú ọ̀nà. Mo ṣí lébẹ́ẹ̀lì tiwọn náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwọn ńlá. Mo fi aṣọ nù ún dáadáa. Kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín níbí. Mi ò bẹ̀rù. Inú mi dùn bí ẹni tó ń se oúnjẹ ìṣínu. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ó dáa, Ṣíkírá, lébẹ́ẹ̀lì tìẹ náà rèé o.

Ráfíù dé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun àyìlà. Ó dojú pánẹ́ẹ̀lì dé, ó ka lébẹ́ẹ̀lì, ó sì ṣírò ẹ̀ sókè létí mi. "Mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlélógún, méjìdínláàádọ́ta. Ọgọ́ta ló gbà. Ó ṣì ku àyè. Ìdí sí orí ni màá so ó, kí àǹpù ẹ̀ má baà pọ̀ jù."

Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò ẹ̀; èmi nìkan ni mo mọ̀ pé méjìléláàádọ́rùn-ún ni fóòtì wọn gan-an. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ó wá ní, "Ìyá Kúdí, ẹ bá mi mú mítà yín kí n wọ̀n ọ́n kí n tó gbé e. Wáyà tèmi ti já." Mítà mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tí orúnkún mi ń kàn. Mo ní bátìrì ẹ̀ ti kú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú. Tó bá ti jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ti wá, kò sí wàhálà."

Ṣé mo rò ó pé wọ́n lè di ẹ̀bi rù ú? Mo rò ó. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á bínú sí i fún ọjọ́ méjì, wọ́n á sì gbàgbé. Ojú Alhaja ni mò ń wò, mi ò rí ojú Ráfíù níwájú mi rárá.

Ọjọ́ Sátidé ló so ó, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, oòrùn sì wá yọ kedere. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóòtì pánẹ́ẹ̀lì máa ń ga jù lọ, nítorí pé ara ẹ̀ ṣì tutù. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé atẹ ìrẹsì mi jáde sí àgbàlá, mo jókòó, mo ń ṣà á.

Ráfíù sọ̀ kalẹ̀ látorí páànù, ó fa wáyà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja. Alhaja ti pe àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n wá wò ó. Ráfíù ki ẹnu wáyà náà bọ inú àpótí. Iná kékeré kan tàn lójú àpótí, ó sì kú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ń ta nínú ẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀pà bá ń bẹ́ nínú agbada. Èéfín jáde. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ráfíù fi ọwọ́ lásán fa wáyà náà yọ, ó sì jó o ní àtẹ́lẹwọ́.

Alhaja ké, ó ká ọwọ́ lérí. Mo rí òkúta kan nínú ìrẹsì mi, mo ṣà á, mo sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ni inú mi ṣe balẹ̀ tó.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ Alhaja dìde, ó ní nǹkan tuntun kì í ṣàdédé jó. Ó ní àpótí yẹn sùn sí yàrá Ráfíù mọ́jú, ó ní ó ti yọ ojúlówó inú ẹ̀ tà, ó sì ti fi jákujàku sí i. Bí ọ̀rọ̀ olè ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ráfíù ń wo ẹnu wọn. Ó ní, "Èmi?"

Àgbà ilé wa, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bàbá Láwànì, yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Kúdí, ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ó lè jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ló ba á jẹ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. Gbogbo àgbàlá ń wò mí. Mo ní, "Bàbá, lébẹ́ẹ̀lì wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní kí wọ́n kà á."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kà á. Mẹ́rìnlélógún. Ráfíù fúnra ẹ̀ ló kà á fún wọn.

Wọ́n ní kó wá fi Àlùkùránì búra. Ní agbo ilé tiwa, tí ọ̀rọ̀ olè bá wọlé tí kò sí ẹlẹ́rìí, ìyẹn ló máa ń parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni. Ó ṣe àlùwàlá, ó wọ jalámíà funfun, ó gbé ọwọ́ tó ní bándéèjì lé Àlùkùránì. Ó ní, "Bí mo bá mú nǹkan kan nínú àpótí yìí, tàbí bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yìí mú mi." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ètè tèmi náà mì.

Mo sọ fún ara mi pé ó ti bọ́ nìyẹn. Ó ti búra òótọ́, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Kò pé oṣù méjì. Ó ń tún fáànù òkè ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìgbòṣéré, àkàbà yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó já bọ́, egungun itan ẹ̀ fọ́ sí méjì. Àkàbà ni. Àwọn kálàkà ọ́fíìsì yẹn rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó dé Ìta Fàájì ni pé Àlùkùránì ti mú Ráfíù.

Látìgbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún un. Tó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á fún un lọ́nà, àwọn ìyá wọn á sì fà wọ́n mọ́ra. Ó ń fi igi rìn. Ìyá ẹ̀ tó ti darúgbó ń sunkún bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ pé kó jẹ́wọ́, kí òun má baà kú nígbà tí èpè ṣì wà lórí ọmọ òun.

Alhaja ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Nǹkan kan ò ṣe Alhaja. Ọmọ ẹ̀ fi òmíràn ránṣẹ́ kí oṣù náà tó parí. Ó pe oníṣẹ́ mìíràn láti òdìkejì Èkó, ó dá pánẹ́ẹ̀lì mi padà fún mi, ó ní òun ò fẹ́ fi ojú kàn án mọ́. Ó ṣì ń yọjú lójú fèrèsé, ó ṣì ń kí wa pẹ̀lẹ́ okùn jẹnẹrétọ̀. Òkò tí mo sọ, orí ẹlòmíràn ló bà. Bí mo bá sọ fún yín pé ìbínú mi ti tán, irọ́ ni. Ó tún le sí i ni.

Ráfíù ní ọmọbìnrin kan tó ti ní àfẹ́sọ́nà. Bàsírá ni kí a pè é. Àwọn ará ilé ọkọ gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ ẹni tí Àlùkùránì mú, àfi tí bàbá ẹ̀ bá jáde síta, tó jẹ́wọ́, tí ẹni tó ṣẹ̀ sì dárí jì í. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí Ṣíkírá ṣe fún Kúdí, mo ti ṣe é fún Bàsírá. Tèmi tilẹ̀ burú jù. Ìyẹn sọ òótọ́, irọ́ ni tèmi.

Ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí, Ráfíù fi igi ẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fún un ní àga. Ó mí, ó nu ojú, ó ní, "Ìyá Kúdí, ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn lè yọ nínú àpótí yẹn tó fi lè jó bẹ́ẹ̀?"

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ó ní, "Mo fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mi ò mú nǹkan kan, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Àmọ́ Bàsírá ti fẹ́ẹ̀ kú sí mi lọ́rùn. Tí mo bá kàn ní mo jí nǹkan, wọ́n á ní kí ni mo jí, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ. Ẹ kọ́ mi ní irọ́ tó máa jọ òótọ́."

Ẹ̀yin ará, ìgbà yẹn ló yẹ kí n ṣí ẹnu. Kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ wa. Pánẹ́ẹ̀lì méjì náà wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, mo fi àpò bò wọ́n. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ ni, mo bá rí ojú Alhaja lọ́kàn mi, bó ṣe máa gbọ́, bó ṣe máa pàtẹ́wọ́, bó ṣe máa ní ṣé ẹ rí i báyìí.

Mo kọ́ Ráfíù ní irọ́ náà.

Mo ní kó sọ pé ibi tí sólà ń gbà wọlé, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń dènà fóòtì tó bá pọ̀ jù. Kó sọ pé òun yọ ọ́ tà, òun sì fi wáyà lásán dí ojú ẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá bi í pé ta ló rà á, kó ní ẹni náà ti kúrò lÉkòó. Ó ń tún un sọ lẹ́yìn mi bí ọmọ kéwú. Ibi tó bá ti ṣì í, mo ń tún un ṣe fún un.

Nígbà tó há a tán, ó dìde. Ó fi ọwọ́ kejì gbá igi mú kó lè tẹrí ba fún mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Kúdí. Ọlọ́run á bo àṣírí yín o."

Mo ní àmín.

Ọjọ́rú la wà lónìí. Mo mọ̀ pé àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo lè dé iwájú wọn kí Ráfíù tó dé ibẹ̀. Mo lè gbé pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì lọ, kí n fi mítà wọ̀n wọ́n lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n rí i pé òótọ́ ni ọkùnrin náà fi Àlùkùránì búra. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo ṣe é. Tí mo bá dáhùn, wárápá Kúdí ni wọ́n á tún máa sọ láti Ìta Fàájì dé Sandgrouse, ọmọ tí kò tíì lè wọ àdúgbò yìí láti ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Tí mi ò bá dáhùn, wọ́n á ní olójúkòkòrò ni mí, pé torí àpótí ni mo ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ tó pé. Ẹ̀yin àlùfáà tó bá ń ka èyí, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ ti dà rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ráfíù, mo tọrọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, mo tọrọ lọ́wọ́ Bàsírá. Mo lè kúnlẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àgbàlá yẹn títí orúnkún mi á fi bó.

Àmọ́ àpótí Ṣíkírá ni mo bà jẹ́. Òun ni wọ́n máa ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, òun ló sì máa jókòó tí á máa wo orí mi nílẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ nínú yàrá mi, èmi nìkan, mo ti ilẹ̀kùn. Orúnkún mi ò tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé Ọlọ́run máa ń gba ìdajì ìjẹ́wọ́?